Bàbá Atẹ̀wé àti Fọ́tò Iléyá

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi gan-an, bí ẹlòmíràn bá jókòó sọ ọ́ fún mi, màá bi í pé kí ló jẹ kó tó sùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí: ìwé àwòrán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Japan láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, ló mú bàbá tó bí bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, wọ rélùwéè láti Dagenham East lọ sí Barking, kí wọ́n lọ ṣí fìlà lórí níwájú obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Sùlèmọ́nù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, Bàbá Atẹ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Wọ́n ní ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀, yàrá méjì péré, níbi tí wọ́n ti fi ogójì ọdún tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti rìsíìtì. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń lò. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, òdì ni lẹ́tà òjé máa ń kọjú sí, bí ìgbà téèyàn bá gbé ìwé síwájú dígí. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà ló tó ń padà sípò. Bàbá á ti ka odidi ojú ewé tán lórí òjé, lódì bẹ́ẹ̀, kí èmi tó rí awò ojú mi. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á ní, "Òdì lèmi ń kà, kí ẹ̀yin lè rí tààrà kà."

Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà kú ni a mú wọn wá sọ́dọ̀ èmi àti màmá mi ní Dagenham East, nílùú òyìnbó níhìn-ín. Bàbá mi ti ṣáájú lọ nígbà náà, èmi nìkan sì ni ọkùnrin tó kù nínú ilé. Bàbá ò rọrùn láti gbà lálejò. Wọ́n bá ẹ̀rọ amúlégbóná jà. Wọ́n bá búrẹ́dì jà, wọ́n ní òwú ni. Wọ́n bá garawa ìdọ̀tí jà, wọ́n ní kí ló dé tí ilé kan ṣoṣo á fi ní garawa aláwọ̀ mẹ́ta bí ẹni ń ṣe orò. Màmá mi sọ fún mi pé kí n wá nǹkan tí Bàbá á máa fi ọwọ́ mú, kí ọwọ́ wọn má baà máa na àwa.

Láíbìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwé tó ti gbó síta, mo di páálí kan wálé fún Bàbá. Wọ́n ń mú ìwé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa bébà rẹ̀ wò, wọ́n ń gbé e sílẹ̀. Wọ́n wá kan ìwé kékeré kan tó jẹ́ pé ibi tí ìwé òyìnbó ń parí sí ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún ni wọ́n ti ṣí i, bí ìgbà téèyàn ń ṣí Kùránì. Ojú Bàbá là. Wọ́n bi mí bóyá Mùsùlùmí ló tẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá, pé ará Japan ni. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n wá dá ẹjọ́ wọn bí adájọ́: "Àwọn yẹn ò burú. Wọ́n mọ ọwọ́ tí a fi ń ṣí ìwé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà kì í ṣe ọlọ́pàá. Akọ̀wé kan ni, tó ń tọ́jú ẹrù tí èrò bá gbàgbé sínú rélùwéè. Láti ara agbòjò kan tàbí bàtà ẹsẹ̀ kan, á tọpa ọ̀ràn títí dé ẹnu ọ̀nà apànìyàn. Ìtàn náà ti lé ní àádọ́rin ìwé nígbà tí a bá a, kò sì tíì parí. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni orí kọ̀ọ̀kan ń jáde nínú ìwé ìròyìn gbàǹgbà kan tí àwọn èèyàn ń kà nínú ọkọ̀ tí wọ́n sì ń jù nù. Bí orí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá bá pé, wọ́n á dì í pọ̀ di ìwé kékeré. Kí wọ́n tó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mélòó kan á ti kọjá. Bí àwa bá ṣì ń sunkún ẹni tí wọ́n pa, àwọn ará Japan ti sin ín, wọ́n ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Nígbà kan, ẹni tó ń kọ ọ́ ṣàìsàn, ìwé dúró fún odidi ọdún kan. Bàbá ń ṣàdúà fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ò ṣeé pè lẹ́nu wọn. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ta ni wọ́n wá ń dárúkọ fún Ọlọ́run. Wọ́n ní, "Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí. Ìwọ ni kò mọ̀."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn náà ni Bàbá kọ́kọ́ ń kà. Ojú ewé kan wà nínú gbogbo ìwé tí èmi àti ẹ̀yin máa ń ṣí kọjá: ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé iṣẹ́ báyìí ló tẹ̀ ẹ́, ìgbà báyìí ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ti tún un tẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ń lọ tààrà, pẹ̀lú gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: èyí tí wọ́n yí èèpo rẹ̀ padà, èyí tí bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àná lọ. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n wò mí bí ẹni wo ọ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwádìí ni. Ṣé o fẹ́ wọlé tọ ohun tí o ò mọ ibi tó ti wá?"

Ìwádìí ni iṣẹ́ Bàbá nínú ẹbí wa. Kò sí ọmọ wa tó fẹ́ ṣègbéyàwó tí wọn ò ṣèwádìí ẹni tó fẹ́ fẹ́ dé gbòǹgbò. Wọ́n á bi alápatà léèrè bóyá ìyá ọmọ náà máa ń sanwó láìjà. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ìlú baba rẹ̀. Nígbà tí ìbátan mi kan fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan, wọ́n rí i pé ọkùnrin náà ti níyàwó sílé, láti orí pé ẹ̀wù rẹ̀ máa ń ní òórùn ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọ. Gbogbo wa bẹ̀rù wọn, a sì ń fi wọ́n yangàn. "Ẹ̀rí ni mò ń tẹ̀lé," ni wọ́n máa ń wí, "n kì í tẹ̀lé ìfẹ́."

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí ibi tí ó dùn mí.

Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tẹ ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì ti kógbá sílé lẹ́yìn ìwé kejìlá. Òmíràn ló gbà á láti ìkẹtàlá, láti ibẹ̀ sì ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá àwọn méjìlá àkọ́kọ́ káàkiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù, mo ń rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé inú Bàbá á dùn. Inú wọn ò dùn. Òsì ni ìwé wọ̀nyí ti ń ṣí. Èyí tó burú jù ni ìwà àwọn tó wà nínú rẹ̀. Òsì ni wọ́n fi ń jẹun. Òsì ni wọ́n fi ń fún àgbà ní nǹkan. Ọ̀gá ọlọ́pàá pàápàá, òsì ló fi ń kí ọ̀gá rẹ̀. Bàbá gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti rídìí rẹ̀: ọmọdé ni ẹni tó ń kọ ọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ilé ò tíì kọ́ ọ. Ó dájú pé láàárín ìwé kejìlá sí ìkẹtàlá ló gbéyàwó, ìyàwó ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá ní kí n tẹ lẹ́tà ìbáwí sí ilé iṣẹ́ tó ti kú yẹn. Lẹ́tà náà padà wá láìṣí. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kì í gba lẹ́tà."

A rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè bóyá ìdí mìíràn wà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà, n ò sì tíì níyàwó. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Ẹ mi í dáadáa. Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi ti mi tiwọn títí ọrùn fi dùn wọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí Nàfísátù. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock, ó sì ń gbé Gascoigne ní Barking, nínú ilé tuntun kan tí àwọn ilé tí wọ́n ń wó yí ká. Láíbìrì la ti pàdé. Ó dá ìwé padà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó sì ní ó yẹ kí n dúpẹ́ pé òun dá a padà rárá. Mo dúpẹ́. N kò tíì dúpẹ́ tán títí dòní.

Ọjọ́ Iléyá, ó wá sí ilé wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá wà ní yàrá òkè, ara wọn ò yá. Nínú ayọ̀ mi, mo na fóònù síwájú, mo kọ ojú rẹ̀ sí ara mi, mo ya fọ́tò: ojú mi gbòòrò níwájú, lẹ́yìn mi Nàfí ń gbé àwo ẹran fún màmá mi, gbogbo eyín wọn síta. Mo fi ránṣẹ́ sórí Wọ́tsáàpù ẹbí. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá pè mí. Wọ́n ti fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi. Wọ́n ní kí n wò ó, kí n sọ ọwọ́ tí ọmọbìnrin náà fi ń gbé oúnjẹ fún ìyá mi. Mo wò ó. Òsì ni. Ó hàn gbangba bí ọ̀sán.

Mo ní bóyá ó ní ìdí. Bàbá ní kí a pe màmá mi, nítorí àwọn ni wọ́n gba àwo náà. Ẹ gbọ́ ẹ̀rí tí màmá mi jẹ́: wọ́n ní ẹran ni àwọn ń wò, àwọn ò wo ọwọ́. Bàbá pa fóònù náà. Wọ́n ní, "Àwòrán kì í purọ́."

Ó parí nìyẹn. Bàbá fi ẹnu ara wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá Nàfí pé ìwádìí ò wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró sí ibi tí wọ́n rán an. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn obìnrin kan ní mọ́ṣáláṣí ti ń pè é ní ọlọ́wọ́ òsì. Nàfí ò wá kírun Jímọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ó ti pè mí ṣáájú ìyẹn. Ó ní ọ̀tún lòun fi gbé àwo yẹn, òun kàn fi òsì dì í mú lábẹ́ ni, nítorí ó wúwo. Èmi ọ̀mọ̀wé, èmi tí mo ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe ohun gbogbo, fọ́tò wà níwájú mi, mo wá lanu, mo ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kò pariwo. Ó ní, "Ó dáa," ó sì gé fóònù. Oṣù mẹ́rin ni n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìbéèrè tí mo bi í yìí, n kò sọ ọ́ fún Bàbá, n kò sọ ọ́ fún màmá mi.

Ní oṣù kẹrin náà ni ilé iṣẹ́ kejì tún àwọn ìwé àkọ́kọ́ tẹ̀. Mo mú ìwé kìíní wálé ní Ọjọ́bọ̀ kan. Bàbá gbà á, wọ́n lọ sí ojú ewé ìwádìí wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní kí n mú ìwé kìíní ti àtijọ́ wá, wọ́n gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, wọ́n ti yí gbogbo àwòrán sódì bí ojú inú dígí, kí òyìnbó lè máa kà á láti òsì. Pé báyìí, wọ́n ti dá a padà sí bí ẹni tó yà á ṣe yà á. Ọkùnrin tó ń fi òsì jẹun nínú ti àtijọ́ ń fi ọ̀tún jẹun nínú tuntun. Kò sẹ́ni tó gbéyàwó láàárín ìwé kejìlá sí ìkẹtàlá. Ilé ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá pa ìwé méjèèjì dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n gbé fọ́tò Iléyá wá. Wọn ò wo Nàfí. Èmi ni wọ́n wò. Mo ní àpá kan lókè ojú òsì mi. Etí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá ló ṣe mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, Bàbá fúnra wọn ló sì gbé mi sáré lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé ìka lé ojú mi, wọ́n gbé e lé ojú mi inú fóònù. Nínú fọ́tò náà, ọ̀tún ni àpá náà wà. Fóònù mi ló ń yí fọ́tò sódì bí mo bá kọ ojú rẹ̀ sí ara mi yà á, èmi tí mo ni ín ò sì mọ̀.

Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ogójì ọdún. Òdì wà níwájú mi, mo kà á sí tààrà."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n dìde ní mọ́ṣáláṣí láàárín àwọn ọkùnrin, wọ́n ní ohun tí ìjọ gbọ́ nípa ọmọ náà, ẹnu àwọn gan-an ló ti jáde, irọ́ sì ni. Ní Sátidé, wọ́n wọ agbádá funfun. Mo ní ẹ jẹ́ ká pe Nàfí lórí fóònù, nítorí orúnkún yín. Wọ́n ní, "Ẹnu mi ló bà á jẹ́. Ẹnu mi á débẹ̀."

A wọ rélùwéè dé Barking, a fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń wólé, eruku bo agbádá wọn. Nígbà tí a dé òkè, wọ́n ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ agbénigòkè, pé ọ̀rọ̀ tiwọn ò kàn mí. Mo dúró, mo ń gbọ́. Nàfí ṣílẹ̀kùn. Ó rí wọn, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀, Bàbá. Wọ́n ní kó dìde. Ẹ mọ̀ pé àgbà ò lè dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Èpè ni yóò jẹ́ fún ọmọ náà. Ibi tí àgbà lè dé ni Bàbá dé. Wọ́n ṣí fìlà. N kò tíì rí orí wọn lásán níta rí láyé mi. Wọ́n ní:

"Nàfísátù, mo kà ọ́ lódì. Dárí jì mí."

Nàfí ń sunkún. Ó gba fìlà náà lọ́wọ́ wọn, ó dé e fún wọn padà. Ó ní, "Bàbá, mo ti dárí jì yín. Ẹ̀yin ò mọ̀ mí rí, fọ́tò lẹ rí. Ẹni tó mọ̀ mí, òun ló bi mí pé ṣé ó dá mi lójú."

Bàbá yíjú padà. Wọ́n wò mí níbi tí mo dúró sí. N kò lè wojú wọn. Nínú rélùwéè títí a fi délé, wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọ́n ń wo ìta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ẹnu yàrá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀, Bàbá. Wọn ò dáhùn. Wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n jí sáká. Mo tún kí wọn. Wọn ò dáhùn. Nígbà tí mo kí wọn lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní:

"Èmi kọ́ ló yẹ kí o máa kí láàárọ̀ yìí."

Mo wọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Mo dé Gascoigne, mo kanlẹ̀kùn, nígbà tó sì ṣí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ará ilé kejì gbé ìdọ̀tí jáde, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Nàfí dúró, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Fóònù mi dún nínú àpò. Màmá mi ni. Ẹkún wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nàfí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba fóònù náà, ó tẹ́tí. Ó wọlé lọ mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó ní, "Dìde. Mò ń bá ẹ lọ."

Màmá mi ló sọ ìyókù fún wa. Wọ́n ní lẹ́yìn tí mo jáde, Bàbá béèrè bóyá mo ti débẹ̀. Màmá mi ní rárá o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ọ̀nà náà tó wákàtí kan. Bàbá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dúró dè é." Màmá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ po tíì. Nígbà tí wọ́n fi gbé e gòkè padà, Bàbá ti dákẹ́ lórí àga wọn. Wọn ò dúró mọ́.